Òwú Dúdú Lára Wáyà Basile

"Wọ́n jí ọkọ̀ mi! Ọkọ̀ tó ní alámù ni wọ́n jí o!"

Bí Basile télọ̀ ṣe já wọ àgọ́ ọlọ́pàá wa ní Pobè láàárọ̀ Àbámẹ́ta nìyẹn, tépù ìwọ̀nṣọ lọ́rùn, bàtà dúdú lẹ́sẹ̀ kan, bàtà pupa lẹ́sẹ̀ kejì. Èmi Raphaël, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ni mo kọ́kọ́ bá a pàdé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ìdì àkàrà mi ni. Ẹ ò rí i pé àwọn olè kì í rò ó pé ọlọ́pàá náà ní ikùn?

"Ọ̀gá Basile, ẹ jókòó. Ṣé fèrè alámù náà ò dún ni?"

"Kò dún! Kò dún rárá! Mo jí, mo jáde síta, àyè ọkọ̀ ló kù. Kọ́kọ́rọ́ mi ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Kò sẹ́ni tí kò mọ alámù Basile ní Pobè. Ìlú Porto-Novo ló ti rà á, ó sì ní kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kan ọkọ̀ òun. Òun fúnra rẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sábẹ́ ìdarí ọkọ̀ tó ń bó wáyà, tó ń lọ́ ọ pọ̀, tó ń kọrin. Ẹni tó bá kọjá, á pè é: "Ẹ wá wò ó! Èmi fúnra mi ni mo so ó! Ẹni tó lè rán kọ́là, ṣé wáyà ló máa ṣòro fún?" Ó sọ ọ́ títí, àwọn ọmọ àdúgbò fi kọrin.

"Bí fèrè kò bá dún," mo ní, "a jẹ́ pé ẹni tó mọ wáyà ló tú u."

"Ẹni kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n. Zacharie!"

Zacharie ni ó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní ibùdó takisí. Kì í ṣe ẹ̀sùn lásán, torí etí mi ni mo fi gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó sọ fún Basile níwájú gbogbo ayé pé, "Ọ̀gá, bí ẹ ṣe so wáyà yìí, ọjọ́ kan ni ọkọ̀ yín á bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́." Kí ni mo tún ń wá? Mo gun alùpùpù, mo lọ mú Zacharie. Kí àkàrà mi tó tutù, ó ti wà ní àtìmọ́lé. Inú mi dùn, mo ti ń rí ara mi bí wọ́n ṣe ń fún mi ní ipò tuntun.

Ìṣòro kan ló wà. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, ni Zacharie fẹ́ lọ ṣe ìdána ní Yoko, nítorí Laure, ọmọbìnrin Bàbá Ládiípọ̀. Ìròyìn kì í sì í rìn nílẹ̀ wa, ṣe ló ń fò. Bàbá Ládiípọ̀ ti ránṣẹ́: bí oòrùn ọ̀la bá dé àárín ọ̀run tí Zacharie kò tíì dé pẹ̀lú orúkọ tó mọ́, kó má wulẹ̀ wá mọ́. Òun kò ní fi ọmọ fún olè.

*

Ìnsípẹ́kítọ̀ wa ni Mireille Ògúnṣínà. Ṣẹ́ẹ̀fù là ń pè é. Obìnrin kúkurú tí kì í pariwo ni, tí ẹ̀pà yíyan kì í sì í wọ́n nínú àpò rẹ̀. Bó bá ń jẹ ẹ̀pà, tó ń wò ọ́, kó o yáa sọ òtítọ́.

Ó ní kí n mú Zacharie wá.

"Zacharie, ṣé ìwọ lo gbé ọkọ̀ Ọ̀gá Basile?"

"Rárá, Ṣẹ́ẹ̀fù."

"Ta ló gbé e?"

Ó gbójú sókè wo òrùlé. "Mi ò jí nǹkan kan, Ṣẹ́ẹ̀fù."

"Ìbéèrè tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn."

Ó dákẹ́. Mo fọwọ́ gbá tábìlì. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o! Ọ̀la ni ìdána rẹ!"

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n Raphaël," ó ní. Omi sì lé ròrò sí ojú rẹ̀.

Ṣẹ́ẹ̀fù bó ẹ̀pà kan. "Jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Báwo lo ṣe máa ń so wáyà?"

Ojú ọkùnrin náà là. "Màá bó awọ rẹ̀ lórí méjèèjì. Màá tú irun bàbà inú rẹ̀ ká, màá ki tibí bọ inú tọ̀hún, màá lọ́ ọ pọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà màá yọ́ òjé lé e, kó má baà tú nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n. Màá wá fi sikọ́tì dúdú, ike tó ń lẹ̀ mọ́ wáyà, wé e. Mi ò sì jẹ́ jẹ́ kí oríkèé méjì bọ́ sí ojú kan náà. Bí sikọ́tì bá ṣí, tí bàbà bá kan bàbà, iná nìyẹn."

"Ti Ọ̀gá Basile ńkọ́?"

"Há! Ó lọ́ wọn bí okùn ewúrẹ́, gbogbo oríkèé sójú kan náà. Ó yà mí lẹ́nu pé ọkọ̀ yẹn kò tíì jó."

Bí mo ṣe ń dá a padà sí àtìmọ́lé ni ìyàwó Basile wọlé. Hortense ni orúkọ rẹ̀. Òun ló máa ń fi òwú kó irun fáwọn obìnrin níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń ti Ahoyéyé wá bá a. Láti ibi àdúrà òwúrọ̀ ló ní òun ti ń bọ̀, sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀, torí nínú ìjọ wọn, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ṣẹ́ẹ̀fù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú Zacharie sílẹ̀. Kì í ṣe òun."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe òun, Ìyá Pẹ̀lúmi?"

"Mo... mo kàn mọ̀ ni. Ọmọ dáadáa ni. Ọ̀la ni ìdána rẹ̀, Ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀la!"

"Ọkọ yín ló fẹ̀sùn kàn án."

"Ọkọ mi kò... " Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. "Ẹ sáà wò ó dáadáa. Mo bẹ̀ yín."

Nígbà tó jáde, mo tẹ̀ sí etí Ṣẹ́ẹ̀fù. "Ìyàwó ẹni tó pẹjọ́ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tá a mú! Ṣẹ́ẹ̀fù, àwọn méjèèjì yìí, àbí ẹ ò..."

"Raphaël, lọ fi omi fọ ẹnu rẹ."

Mo lọ.

*

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Sakété pè wá kí ọ̀sán tó pọ́n: wọ́n ti rí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan tó jọ ti Basile lẹ́bàá ọ̀nà, kó tó wọ ìlú. Èmi, Ṣẹ́ẹ̀fù àti Basile wọ ọkọ̀ wa, ó di Sakété.

Ọkọ̀ náà ló jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan, kò sí ohun tó ṣe é. Gíláàsì rẹ̀ pé, táyà rẹ̀ pé. Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n ni mo kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀, mo di ilẹ̀kùn mú, mo fà á.

Wìì! Wìì! Wìì!

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fò sókè, inú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni mo ti bá ara mi. Àwọn tó ń ta ẹsáǹsì, epo ọkọ̀, lódìkejì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé ike sílẹ̀. Basile tẹ telekomáǹdì ọwọ́ rẹ̀, fèrè náà dákẹ́.

"Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀!" ó ní, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege ìdánwò. "Èmi fúnra mi ni mo so ó!"

Ṣẹ́ẹ̀fù kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ilẹ̀kùn. "Raphaël, olè wo ló ń jí ọkọ̀, tó ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tó tún wá ń tan alámù fún un kí olè míì má baà jí i?"

Mo ń yọ ẹrẹ̀ létí.

Basile ṣílẹ̀kùn. Ó fẹ́ ṣíná ọkọ̀, ọkọ̀ kò dáhùn. Ṣẹ́ẹ̀fù ní kó sọ̀kalẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo àwọn irin tí awakọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Lára èyí tí ẹsẹ̀ òsì máa ń tẹ̀, amọ̀ pupa ti gbẹ síbẹ̀, torí òjò rọ̀ lóru. Ojú ìka ẹsẹ̀ màrààrún hàn kedere. Ẹsẹ̀ lásán ló wa ọkọ̀ yìí.

"Zacharie kì í bọ́ bàtà ńlá rẹ̀ yẹn, bóyá ló ń bọ́ ọ sùn," mo sọ ọ́, kí n tó rántí pé èmi ni mo mú Zacharie.

Ṣẹ́ẹ̀fù na ọwọ́ sábẹ́ ìdarí, ó fa ìdì wáyà kan jáde díẹ̀. Mo yọjú. Oríkèé wáyà náà tò tẹ̀léra, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kò sí èyí tó kan èkejì. Òwú dúdú dídán ni wọ́n fi wé e látòkè délẹ̀, ó mọ́ tínrín, kò sí ibì kan tí bàbà ti yọjú. Kò sí sikọ́tì níbẹ̀ rárá.

"Ọ̀gá Basile," Ṣẹ́ẹ̀fù ní, kò jẹ́ kí ọwọ́ ọkùnrin náà dé ibẹ̀, "kí lẹ fi wé wọn?"

Basile tẹ orí wò ó. "Sikọ́tì ni. Sikọ́tì dúdú tó wà nínú páálí alámù. Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán? Èmi fúnra mi ni."

Ah! Òwú rèé lójú mi korokoro, ọkùnrin yìí ń pè é ní sikọ́tì! Nígbà tá a ń padà bọ̀, tó sùn lọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ṣẹ́ẹ̀fù, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e pamọ́. Òwú ni, télọ̀ ló ní òwú. Ó fẹ́ ba Zacharie lórúkọ jẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká mú un."

"O ti mú ẹnì kan lónìí, Raphaël. Fara balẹ̀. Òwú tí télọ̀ fi ń ránṣọ tínrín, ó máa ń já. Èyí nípọn. Télọ̀ á sì ta kókó nídìí, ẹni tó wé èyí yí ẹnu òwú padà sábẹ́ ara rẹ̀. Ibo lo ti máa ń rí irú ẹ̀?"

Mo ronú títí. Orí mi kò gbé nǹkan kan wá. Ebi àkàrà òwúrọ̀ ló wà níbẹ̀.

*

A yà sí ṣọ́ọ̀bù Basile. Ṣẹ́ẹ̀fù kò bi í ní nǹkan kan. Ó kàn ń wo ìrọ̀rí kékeré tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí lórí tábìlì. Gbogbo abẹ́rẹ́ náà ló ní òwú nínú: funfun, búlúù, pupa, wọ́n tò bí ọmọ ilé-ìwé.

"Ta ló ń fi òwú bọ̀ wọ́n fún yín?"

"Ìyàwó mi. Kó tó lọ síbi àdúrà ló máa ń ṣe é. Ó fẹ́ràn kó máa ràn mí lọ́wọ́," Basile dáhùn. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. Dúdú lẹ́sẹ̀ kan, pupa lẹ́sẹ̀ kejì. Láti òwúrọ̀!

Ṣẹ́ẹ̀fù ní kí n pe Hortense wọlé, kí n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn olófòófó. Obìnrin náà wọlé, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Bí ọ̀ràn bá ṣú òkùnkùn, à á bẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ni," Ṣẹ́ẹ̀fù bẹ̀rẹ̀. "Ẹni tó gbé ọkọ̀ yìí kò fọ́ nǹkan kan, torí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá Basile, ṣé kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni?"

"Èkejì wà nínú agolo bọ́tìnnì, òun àti telekomáǹdì rẹ̀."

Mo gbọn agolo náà. Bọ́tìnnì nìkan ló jáde.

"Ẹni náà ti ilẹ̀kùn, ó tan alámù, torí ó fẹ́ràn ọkọ̀ náà bí ẹni tó ni ín. Ẹsẹ̀ lásán ló fi wà á, torí aṣọ tó wọ̀ kò gba bàtà. Ẹni náà ló sì fi òwú wé wáyà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kó irun."

Orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣí. Irun kíkó! Mo wo Hortense. Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde lábẹ́ ìró rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

Basile fò dìde. "Ìwọ? Hortense! Ìwọ lo jí ọkọ̀ mi? O jẹ́ kí n máa sáré káàkiri Pobè bí adìyẹ tó ń wá ẹyin? Níbo lò ń gbé e lọ? Ta lò ń lọ bá? Kí ló dé tó ò lè sọ̀rọ̀?"

Hortense tẹ orí ba.

"Ọ̀gá Basile," Ṣẹ́ẹ̀fù ní, "ẹ máa bínú lọ, mi ò ní kẹ́ ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì aṣọ mi ti já. Ẹ kọ́kọ́ bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́ kan." Ó mú abẹ́rẹ́ tí kò ní òwú jáde, ó fi lé e lọ́wọ́.

Basile fi itọ́ rin ẹnu òwú. Ó gbé abẹ́rẹ́ súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó kọjú sí fèrèsé. Òwú gba ọ̀tún kọjá. Ó gba òsì kọjá. Ó tún un ṣe. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Hortense na ọwọ́, ó gba abẹ́rẹ́ náà, ó fi òwú bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà sí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?" Basile béèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Láti ìgbà tó o ti rán apá aṣọ Bàbá Uriel mọ́ ibi ọrùn."

"Mo sọ fún un pé àrà tuntun ni."

"Mo mọ̀. Ó wọ̀ ọ́ lọ sóde, ojú tì mí."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, mo yí i sí ikọ́.

"Lọ́jọ́ tá a ń bọ̀ láti Ahoyéyé," Hortense ní, "tó o sọ pé òjìji lo yà fún, ọkùnrin kan ló ń ti kẹ̀kẹ́, Basile. Díẹ̀ ló kù. Àtọjọ́ náà ni mo ti bẹ Zacharie pé kó kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà nínú ògbólógbòó ọkọ̀ tiẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní bí mo bá mọ̀ ọ́n, màá lè máa gbà á lọ́wọ́ rẹ lálẹ́, màá ní ó ti rẹ̀ ọ́. Láàárọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ dá wà á. Mo dúró ní Sakété láti yí padà, ó kú, kò jí mọ́. Mo gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, padà, mo bá ariwo nílé."

"Kí ló dé tó ò sọ ní àgọ́?" mo bi í.

"Wọ́n á béèrè ìdí tí mo fi ń kọ́ ọkọ̀. Bí mo bá sọ ìdí, Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò gbé aṣọ wá fún télọ̀ tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì? Mo wá bẹ Ṣẹ́ẹ̀fù, mo rò pé wọ́n á rí ọ̀nà míì. Ká ní ilẹ̀ ṣú tí Zacharie ṣì wà níbẹ̀, màá sọ ọ́. Ọlọ́run gbọ́, màá sọ ọ́."

Basile gbójú sókè. "Wáyà yẹn ńkọ́?"

"Bàbà wà níta, pupa ń kan dúdú. Ẹ̀rù bà mí pé wàá jóná mọ́nú ẹ̀. Mi ò ní sikọ́tì, òwú ìkórun ló wà lọ́wọ́ mi. Mo tú wọn, mo gé ọ̀kan kúrú, mo fi ọ̀kan sílẹ̀ gùn, kí oríkèé wọn má baà pàdé, bí Zacharie ṣe máa ń wí. Mo kó wọn bí irun. Ọ̀kan tó wà lókè pátápátá, tó lọ síbi ìṣíná, ni ọwọ́ mi kò tó."

"Òun ló já ní Sakété," Ṣẹ́ẹ̀fù ní.

Basile wo ìyàwó rẹ̀. Ó ju tépù kọ́rùn. "Raphaël, ibo ni wọ́n ti ń fa ẹjọ́ padà? Ẹ jẹ́ ká tètè lọ."

"Ẹ kọ́kọ́ wọ bàtà tó jọra ná, Ọ̀gá," Ṣẹ́ẹ̀fù dá a lóhùn. "Bàtà yín ni mo kọ́kọ́ rí láàárọ̀."

*

Ní ọjọ́ Àìkú, Zacharie fúnra rẹ̀ ló lọ yọ́ òjé sí wáyà ìṣíná ní Sakété, pẹ̀lú aṣọ ìdána lọ́rùn. Hortense ló jókòó sídìí ìdarí. Basile wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé iṣu sórí itan, ó ń kígbe "Rọra! Rọra!" ní gbogbo ibi tí kò sí nǹkan kan. Èmi gun alùpùpù tẹ̀ lé wọn. Kò sẹ́ni tó rán mi, ṣùgbọ́n ẹni tó mú ọkọ ìyàwó ní láti rí i pé ó dé.

A dé Yoko, oòrùn kò tíì dé àárín ọ̀run. Bàbá Ládiípọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lẹ́yìn. Láàárín àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni Laure wà, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Ẹni tó fẹ̀sùn kàn án dà?" bàbá náà béèrè.

Basile gbé iṣu sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú iyanrìn. "Èmi ni, Bàbá. Ọkọ ọmọ yín kò jalè. Ìyàwó mi ló wa ọkọ̀ mi, òun náà ló sì wà á gbé mi wá síbí, torí ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé nítorí àṣírí ẹlòmíì, tí kò sì tú u, Bàbá, ẹ fún un lọ́mọ."

Ó sọ ọ́ síta, níwájú gbogbo èèyàn. Hortense fi ọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá Ládiípọ̀ wo Zacharie, ó wo oòrùn. "Ẹ gbé ẹrù wọlé," ó ní. Laure pariwo ayọ̀ kó tó rántí pé ìyàwó tuntun kì í pariwo.

Àwọn obìnrin ń sọ ẹrù kalẹ̀ nígbà tí ẹnì kan fi ìdí gbá ọkọ̀. Wìì! Wìì! Wìì! Ewúrẹ́ tú ká, àwọn àgbà di fìlà mú. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi kò fò.

"Ta ló so nǹkan burúkú yìí?" Bàbá Ládiípọ̀ ké.

Basile la ẹnu bí ìṣe rẹ̀. "Èmi fún..." Ó dúró. Ó yíjú sí obìnrin tó ń wá telekomáǹdì nínú ìró rẹ̀.

"Èmi ni mo so ó, Bàbá," ó ní. "Ìyàwó mi yìí ni kò jẹ́ kó jó."